Nínú mélòó? Ìdí tí bọ́ọ̀lù 12 kò fi tó láti dá ajubọ́ọ̀lù lẹ́jọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ajubọ́ọ̀lù arọ́pò kan nínú MLB, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ti parí sáà rẹ̀. Nínú gbogbo oṣù tí wọ́n fi gbá líìgì náà, ìgbà 12 péré ni bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀ láti fi lé alátakò jáde. Ó ṣe é yọrí ní ìgbà 11. Ìgbà kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù tó jù gba ibi tí kò yẹ kó gbà.

Bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí: 91.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá sì kó gbogbo ajubọ́ọ̀lù inú líìgì náà pọ̀, ìpíndọ́gba wọn máa ń wà ní nǹkan bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á ní ọkùnrin yìí kò tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé nọ́ńbà náà kò tíì sọ nǹkan kan fún wa nípa ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan. Irú ìṣirò yìí kan náà la fi ń dá ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ lẹ́jọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, a ó sì dé ibẹ̀.

Ta ni ajubọ́ọ̀lù arọ́pò?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà, Benin àti Tógò kò dàgbà pẹ̀lú béèsìbọ́ọ̀lù. Àmọ́ ní Kúbà, níbi tí ìran àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, wà títí di òní, eré yìí ni àwọn ọmọdé ń ṣe ní ojú pópó bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ládùúgbò.

Eré náà rí báyìí. Ajubọ́ọ̀lù dúró lórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá. Láti nǹkan bíi mítà 18, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí alátakò tó di igi mú. Ẹ jẹ́ ká máa pe ẹni yẹn ní onígi. Bí onígi bá gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sáré dé béèsì kìn-ín-ní kí bọ́ọ̀lù tó dé ibẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Bí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù lókè kó tó kan ilẹ̀, ó jáde bákan náà. Tí ẹni mẹ́ta bá ti jáde, ó kan ẹgbẹ́ kejì láti di igi mú. Abala mẹ́sàn-án ni eré kan ní.

Láyé òde òní, ajubọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré kì í sábà parí rẹ̀. Bí apá bá ti ń ro ó, akọ́nimọ̀ọ́gbá á pe arọ́pò. Arọ́pò yìí lè ju abala kan péré, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan, ìyẹn nǹkan bíi abala 1,458. Abala 60 sí 70 ni ọ̀pọ̀ arọ́pò ń jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Kì í sì í ṣe jíjù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní kété tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ pápá. Bọ́ọ̀lù tí onígi gbá padà lè fò tààrà bọ̀ wá bá a pẹ̀lú eré tó ju kílómítà 160 ní wákàtí kan lọ. Onígi tó gbọ́n sì lè kàn fi igi tọ́ bọ́ọ̀lù díẹ̀, kó máa yí lọ nílẹ̀ nítòsí, kí ajubọ́ọ̀lù lè sáré wá ṣà á, kó yíra padà, kó sì jù ú kíákíá. Ìgbà mìíràn tún wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa sáré lọ dúró ní béèsì kìn-ín-ní láti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ akẹgbẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ arọ́pò jù lọ máa ń mú kí onígi fi igi na afẹ́fẹ́ lásán. Bí igi kò bá kan bọ́ọ̀lù, kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni máa ṣà nílẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ṣe mọ bọ́ọ̀lù jù tó, bẹ́ẹ̀ ni ànfààní tó ní láti fi hàn pé òun mọ bọ́ọ̀lù mú ṣe ń dín kù.

Ọgọ́rùn-ún ajubọ́ọ̀lù tí ọwọ́ wọn dọ́gba

Ìṣirò tí wọ́n ń lò kò le. Wọ́n á ka iye ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lé alátakò jáde. Wọ́n á fi iye ìgbà tó ju bọ́ọ̀lù sí akẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìyẹn sì fi lé alátakò jáde, kún un. Àṣeyọrí rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á wá wo ìdá tí àṣeyọrí yìí jẹ́ nínú àpapọ̀ àṣeyọrí àti àṣìṣe. Mọ́kànlá nínú méjìlá jẹ́ 91.7 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá fojú inú wo ajubọ́ọ̀lù arọ́pò 100 tí ọwọ́ gbogbo wọn dọ́gba pátápátá. Kò sí ẹni tó sàn ju ẹnì kejì lọ. Bí bọ́ọ̀lù 20 bá dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn, a lè retí pé 19 ló máa ṣe yọrí, ìyẹn 95 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́lẹ́ bíi ti líìgì. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù 12 ní sáà kan. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Nǹkan bíi 54 nínú wọn kò ní ṣe àṣìṣe kankan. Ìwé á sọ pé wọ́n gba 100 nínú 100. Nǹkan bíi 34 á ṣe àṣìṣe kan, wọ́n á gba 91.7. Nǹkan bíi 12 tó kù á ṣe àṣìṣe méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gba 83.3, tàbí kó rẹlẹ̀ sí i.

Nǹkan méjì ló yẹ ká rí níbí. Èkíní ni pé àwọn èèyàn á yin àwọn 54, wọ́n á sì bú àwọn 12, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn ní. Oríire nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkejì ni pé kò sí ẹnì kankan nínú àwọn ọgọ́rùn-ún náà tó máa gba 95. Kò tilẹ̀ ṣeé ṣe. Bọ́ọ̀lù 12 kò lè mú 95 jáde láéláé: bí kì í bá ṣe 100, á jẹ́ 91.7. Bí ẹ bá gbé ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù 12 mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpíndọ́gba líìgì, dandan ni kó ga jù ú lọ tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Kò sí ibi tó lè dúró sí kí wọ́n ní ó ṣe déédéé.

Àwọn àgbà ní igi kan kò lè dá igbó ṣe. Igi méjìlá náà kò tíì di igbó.

Kì í ṣe pé mo ní ká da ìṣirò nù. Bí arọ́pò yẹn bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí bọ́ọ̀lù 120 ti dé ọwọ́ rẹ̀, tó sì ṣe àṣìṣe 12 nínú rẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún ajubọ́ọ̀lù tí ọwọ́ wọn bá ti líìgì dọ́gba, nǹkan bíi méjì péré ni irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí nípa àgbákò. Níbẹ̀ ni mo ti lè gbà pé ọwọ́ ọkùnrin náà ní ìṣòro. Nọ́ńbà kì í purọ́ bí ó bá pọ̀ tó, tí a sì mọ ohun tó ń kà.

Ta ló kọ àṣìṣe náà sílẹ̀?

Ohun tó ń kà gan-an ni ìbéèrè kejì. Àṣìṣe nínú béèsìbọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n bí ẹní ń wọn ìrẹsì. Akọ̀wé eré kan ló ń jókòó lókè pápá, òun ló sì ń pinnu bóyá ó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ pápá mú bọ́ọ̀lù náà bó bá sapá bó ṣe yẹ. Bó bá ní ó yẹ, àṣìṣe ni. Bó bá ní bọ́ọ̀lù náà le jù, wọ́n á kọ ọ́ fún onígi gẹ́gẹ́ bí àṣeyọrí. Èèyàn ni akọ̀wé náà. Fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju 12 lọ ní sáà, ìpinnu kan ṣoṣo láti ẹnu akọ̀wé lè gbé e láti 91.7 lọ sí 100.

Ó tún wà níbẹ̀ pé ajubọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ kò yá kì í dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Nígbà tí kò dé ibẹ̀, akọ̀wé kì í sábà ka àṣìṣe sí i lọ́rùn. Ẹni tó sáré, tó fi ara dùbúlẹ̀, tó fi ìka kan bọ́ọ̀lù, tó wá jù ú ṣìnà, òun ni wọ́n lè kọ àṣìṣe fún. Ọ̀lẹ á gba 100, akíkanjú á gba 91.7.

Ẹ wo Jon Lester. Kì í ṣe arọ́pò, ó wà lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù nígbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n jíju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìn-ín-ní láti dá alátakò tó fẹ́ sá lọ sí béèsì kejì dúró jẹ́ ìṣòro ńlá fún un. Nínú gbogbo sáà 2014, kò jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò jù ú kò lè jù ú ṣìnà, nítorí náà kò sí àṣìṣe kankan lórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé. Àmọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Lester ló bẹ̀rẹ̀ eré fún Oakland nígbà tí wọ́n pàdé Kansas City nínú eré kan ṣoṣo tó máa lé ẹnì kan lọ sílé. Àwọn ará Kansas City jí béèsì ní ìgbà méje nínú eré náà, wọ́n sì borí pẹ̀lú 9 sí 8. Àìlera tí gbogbo èèyàn fi ojú rí kò sí nínú ìṣirò àṣìṣe.

Mariano Rivera àti bọ́ọ̀lù kan

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù lójú tèmi ni Mariano Rivera. Ọmọ Panama ni, ó dàgbà ní abúlé àwọn apẹja tó ń jẹ́ Puerto Caimito. New York Yankees nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù fún nínú MLB, láti 1995 sí 2013. Ìgbà 652 ló wọlé gẹ́gẹ́ bí arọ́pò tó sì dáàbò bo ipò iwájú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà títí eré fi parí. Kò sí arọ́pò mìíràn nínú ìtàn MLB tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2019 láti mú un wọ ilé ìrántí àwọn akọni eré náà, gbogbo olùdìbò 425 ló dìbò fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Rivera kì í ṣe ẹni tí ń sá fún bọ́ọ̀lù. Kó tó di ajubọ́ọ̀lù ní Panama, àárín pápá ló ti ń ṣọ́. Kódà nígbà tó ti di àgbà nínú iṣẹ́, ó fẹ́ràn láti máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù nínú pápá nígbà ìdánrawò. Ibẹ̀ ló ti farapa lórúnkún ní Kansas City ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2012, tí kò fi lè gbá ìyókù sáà náà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 2001, Yankees ń bá Arizona Diamondbacks gbá eré keje, èyí tó kẹ́yìn nínú World Series. Yankees ló wà níwájú pẹ̀lú 2 sí 1. Rivera wà lórí òkìtì ní abala kẹsàn-án. Ìgbà 23 léraléra ló ti dáàbò bo ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn eré ìparí sáà láìkùnà. Mark Grace gbá bọ́ọ̀lù, ó dé béèsì kìn-ín-ní. Damian Miller fi igi tọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Rivera ṣà á, ó jù ú sí béèsì kejì, bọ́ọ̀lù sì kọjá lára Derek Jeter lọ sí ẹ̀yìn pápá. Àṣìṣe.

Jay Bell ló tún kàn. Òun náà fi igi tọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Rivera tún ṣà á, ó jù ú sí béèsì kẹta, wọ́n sì lé alátakò jáde. Iṣẹ́ tó kùnà lé lórí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ló ṣe yọrí yìí. Lẹ́yìn náà, Tony Womack gbá bọ́ọ̀lù tó mú kí eré di ọ̀mì, Luis Gonzalez sì gbá èyí tó fún Arizona ní ife ẹ̀yẹ, 3 sí 2.

Ẹ ṣe ìṣirò abala yẹn fún Rivera: àṣeyọrí kan, àṣìṣe kan. Ó gba 50 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ìpíndọ́gba líìgì jẹ́ nǹkan bíi 95. Ṣé ẹnikẹ́ni lè fi ìyẹn sọ pé ọwọ́ Rivera kò dára? Àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀, ó sì wà lára ohun tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ New York. Kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo là ń bàjẹ́, ojoojúmọ́ lojú ń tini. Ṣùgbọ́n ohun tí àṣìṣe kan ná ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó fi hàn nípa ẹni tó ṣe é. Ohun tó ná wọn lè tóbi bí òkè. Ohun tó fi hàn kò ju bọ́ọ̀lù kan lọ.

Láti pápá sí kíláàsì

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí wálé wàyí. Lọ́dọọdún, àjọ WAEC ń ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Làìbéríà àti Gáḿbíà. Bí èsì bá jáde, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé ẹ̀kọ́ wé ara wọn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni á lẹ ìdá ọgọ́rùn-ún wọn mọ́ ara ògiri, àwọn aláṣẹ á sì máa bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó wà nísàlẹ̀ ní ìbéèrè.

Ẹ ro ti ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan tó fi ọmọ 12 sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí gbogbo wọn bá yege, 100 nínú 100 ni. Bí ibà bá dá ẹyọ ọmọ kan dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìṣirò, tí kò sì yege, 91.7 ni. Bí méjì bá kùnà, ó di 83.3. Nọ́ńbà ajubọ́ọ̀lù wa gan-an nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ìlú ńlá tó fi ọmọ 240 sílẹ̀ kò lè fò sókè fò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ kan. Nítorí náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké ló máa pọ̀ lókè àtẹ, àwọn náà ló sì máa pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí Howard Wainer àti Harris Zwerling rí nìyẹn nígbà tí wọ́n yẹ èsì àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Pennsylvania wò. Ní àsìkò tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ń náwó lórí ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké nítorí pé wọ́n rí wọn lókè àtẹ, àwọn méjèèjì fi hàn pé àwọn kéékèèké náà tún pọ̀ jù bó ṣe yẹ lọ nísàlẹ̀. Kíkéré ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń mú ọmọ mọ̀wé. Kíkéré nọ́ńbà ló ń mú èsì fò.

Ẹni tí irú ìdájọ́ yìí ń dùn ni olùkọ́ tí wọ́n gbé kúrò nípò nítorí ọmọ méjì, àti òbí tó yá owó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó gba 100 lọ́dún kan, tó sì bọ́ sí 83 lọ́dún kejì láìsí pé olùkọ́ kankan yí padà níbẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe?

Àwọn kan á ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè dúró fún ọdún mẹ́wàá kó tó mọ ẹni tó máa pè. Òótọ́ ni. Òbí náà kò lè dúró kí ọmọ dàgbà tán. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ti mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń kó àwọn ajubọ́ọ̀lù jáde láàárọ̀, wọ́n á máa yí bọ́ọ̀lù sí wọn léraléra, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n jù ú, kí wọ́n sáré lọ sí béèsì kìn-ín-ní. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, olùkọ́ á rí i ju ohun tí sáà odindi kan lè fi hàn án. Wọ́n fi ojú rí iṣẹ́ náà. Wọ́n tún máa ń pa èsì ọdún púpọ̀ pọ̀. Bí ẹ̀rí bá sì kéré, wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé ẹni náà sún mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀rí á fi pọ̀ sí i.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí lè béèrè èsì ọdún márùn-ún dípò ti ọdún kan, kó sì lọ jókòó wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Aláṣẹ lè rán alábòójútó lọ sí kíláàsì kó tó kọ lẹ́tà ìfìyàjẹni. Àwa tó wà nídìí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà ní ipa tiwa. Àkókò wa kúrú, nọ́ńbà kan sì yá láti kà ju méjì lọ. Síbẹ̀, kò sí ìròyìn tó kúrú débi pé kò ní gba ọ̀rọ̀ bíi "ọmọ 11 nínú 12". Ẹni tó gbọ́ èyí á mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀n tó. Ẹni tó gbọ́ 91.7 nìkan kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí WAEC àti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń lẹ èsì mọ́ ògiri kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ṣe ìdánwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún wọn, kí lẹ́tà méjèèjì sì tóbi bákan náà. Kí iyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìgbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún sọ fún yín pé èèyàn kan kò tó ẹgbẹ́, ẹ má tíì mi orí sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: nínú mélòó?